Amina Ń Wá Òṣèré ní Tudun Wada

Ẹ̀yin àgbà Yorùbá Kaduna, ẹ kú ìjókòó o. Láti ìgbà tí ẹ ti kírun Àílà tán lẹ ti wà nídìí dírááfù yẹn, Mọ̀gàríbì sì ti ń bọ̀. Bí ọmọdékùnrin kan bá gba iwájú yín kọjá, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù géèmù, ẹ ó gbójú sókè, ẹ ó pòṣé, ẹ ó ní, "Géèmù ló máa ba ayé àwọn ọmọ wọ̀nyí jẹ́." Ẹ ó tún tẹrí ba, ẹ ó jẹ ọmọ dírááfù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó fi gbá pákó gbàá, àfi bíi pé ẹ̀yin lẹ parí ogun Kírìjì. Tí a bá wá bi yín pé kí ni tiyín yìí ń jẹ́, ẹ ó ní eléyìí ń mú ọpọlọ jí pépé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ilé ti ránṣẹ́ ránṣẹ́ pé owó ọbẹ̀ dà, ọpọlọ tó jí náà kò tíì gbọ́.

Ẹ má bínú. Ẹ̀fẹ̀ ni, ẹ̀fẹ̀ kì í sì í wojú olóyè. Ní ilẹ̀ Kétu tí Ẹ̀fẹ̀ ti ń jáde lóru ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹni tó bá hùwà tí kò yẹ, àárín ọjà ni wọ́n ti ń fi orin tú u fó. Àwọn agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà kò sì sá fún nǹkan tuntun: wọ́n ti gbẹ́ alùpùpù, ọkọ̀ òfúrufú àti máṣíìnì ìránṣọ lé orí agọ̀ rí. Bí wọ́n bá gbẹ́ páàdì géèmù lé e lọ́la, ẹ̀yin náà lẹ máa jókòó wò ó, ẹ ó sì ní àṣà wa dára.

Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ fọwọ́ kàn yín ni kí n lè ráyè bú àwọn ọmọ yín dáadáa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ onípáàdì, ó kàn yín. Ẹ jẹ́ ká wọ ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù yín ní Tudun Wada, lẹ́yìn Kasuwan Barci. Yàrá kan ṣoṣo ni. Páálí Indomie ni wọ́n fi dí fèrèsé kí oòrùn má bàa wọ ojú tẹlifíṣọ̀n. Ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì kan ti kán, búlọ́ọ̀kù ló gbé e dúró. Páàdì tó wà lọ́wọ́ yín ńkọ́? Bọ́tìnnì tí ẹ fi ń gbá gólù ti pá, àmì ara rẹ̀ ti pa rẹ́. Rọ́bà orí ọ̀pá tí ẹ fi ń darí agbábọ́ọ̀lù ti bọ́ tipẹ́, onígéèmù ti gé tíúbù kẹ̀kẹ́ wé e. Bọ́tìnnì kékeré kan wá wà lápá òsì, SHARE ni wọ́n kọ sí i lára páàdì PS4. Òun ni wọ́n fi ń ya fọ́tò ohun tó ń lọ nínú géèmù, òun ni wọ́n fi ń gba fídíò rẹ̀. Bọ́tìnnì yẹn ń dán gbinrin títí di òní. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn ò kàn án rí.

Ẹ̀rọ tó lè kó odindi ìlú, òkun, igbó àti ojú ọ̀run wọ inú yàrá kótópó yẹn, kí lẹ ń fi í ṣe? Real Madrid ń gbá Barcelona. Ìgbà tí wọ́n bá parí, Barcelona á tún máa gbá Real Madrid. Ẹ ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí ẹ ti wà ní kékeré, ikùn yín ṣì ń yọ síwájú, àtàǹpàkò nìkan ni iṣan rẹ̀ le.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo fún ní máàkì láàárín yín. Láyé ìgbà tí géèmù Vice City gbòde, ọmọ kan kì í ṣàìsí ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan tí kì í jẹ́ iṣẹ́ tí géèmù bá rán an. Kò ní pa ẹnikẹ́ni, kò ní kó kokéènì fún ẹnikẹ́ni. Á jí mọ́tò (ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ó ń jí mọ́tò), á tan rédíò inú rẹ̀, á máa wà á jẹ́jẹ́ lọ létí òkun, á máa wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀, títí owó tó san fi máa tán. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì á máa pariwo mọ́ ọn pé ọ̀dẹ̀ ni. Kò dá wọn lóhùn. Òun nìkan ló mọ̀ pé ìlú ni wọ́n kọ́ síbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 2021 jọ ti ọmọ yẹn. Àrùn Kòrónà ti gbogbo ilé ìṣeré pa, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òṣèré méjì kan, Sam Crane àti Mark Oosterveen, ni wọ́n bá gba inú géèmù GTA Online lọ kí ọkàn wọn má baà rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ mọ ìlú yẹn: olè ni ará ibẹ̀, jàǹdùkú ni àlejò, ìkíni wọn sì ni ìbọn. Àwọn méjèèjì ń sá fún ọlọ́pàá káàkiri, ni wọ́n bá ṣe kòńgẹ́ gbàgede ìtàgé ńlá kan tí kò sẹ́ni tó ń ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Bí òṣèré tí ebi eré ń pa bá rí ìtàgé, ẹ ti mọ̀. Ó gòkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké ọ̀rọ̀ Shakespeare fún àwọn tó ń kọjá lọ. Wọ́n yìnbọn fún un.

Wọn ò wá padà sílé. Wọ́n ní àwọn máa ṣe odindi Hamlet nínú ìlú yẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n kéde pé àwọn ń wá òṣèré, àwọn tí wọn ò mọ̀ rí sì ń wọlé wá láti oríṣiríṣi ibi, tòun ti ẹni tó wọ aṣọ ẹ̀dá inú sánmà. Ẹ̀yin tí ẹ kà á nílé ẹ̀kọ́ rántí ìtàn náà: ọmọ ọba kan tí àbúrò bàbá rẹ̀ pa bàbá rẹ̀, tó gba adé, tó tún gba ìyá rẹ̀ lé e. Ẹjọ́ ẹbí lásán ni, irú èyí tó máa ń kún ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ wa. Ibi tí ọmọ ọba ti ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá kí òun máa wà láàyè lọ tàbí kí òun kú, kì í pẹ́ tí ẹnì kan tó ń kọjá lọ fi máa ń bá a dá sí i. Á yìn ín ní ìbọn kan, àríyànjiyàn parí. Òṣèré á jí, á bọ́ sí ojú ọ̀nà míì, á tún máa sáré padà wá sórí ìtàgé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má baà fo. Crane àti ìyàwó rẹ̀, Pinny Grylls, ló darí fíìmù tí wọ́n fi gbogbo làásìgbò yìí ṣe, Grand Theft Hamlet. Inú géèmù náà ni wọ́n ti ya á. Ó gba ẹ̀bùn àwọn onídàájọ́ ní àjọ̀dún SXSW ní Amẹ́ríkà ní 2024.

Ẹ̀yin àgbà, mo rí i pé ẹ ti gbé ọmọ dírááfù sílẹ̀. Ẹ ti ń rántí Hubert Ogunde, eléré ìtàgé. Ọkọ̀ rẹ̀ máa ń kó òṣèré gba òkè ọya, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọ́n ń tẹ ìtàgé sí, wọ́n á sì ṣeré fún ẹni tó sanwó àti ẹni tó yọjú lórí ògiri. Ogunde náà rí ìjàngbọ̀n tirẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ní 1964 ni wọ́n fòfin de eré rẹ̀, Yorùbá Ronú, ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kan tí ẹnì kan fi hẹlikópítà dá eré rẹ̀ dúró láàárín orin. Alárìnjó ni àwọn òyìnbó yìí, ọ̀nà tiwọn ló léwu jù.

Kí ẹ má sì rò pé àwọn ló dá a sílẹ̀. Ní 1996, àwọn kan tó ń fi Quake ṣeré, géèmù tí kò mọ̀ ju ìbọn àti ẹ̀jẹ̀ lọ, dáwọ́ ìjà dúró wọ́n fi ọmọ ogun inú rẹ̀ ṣe fíìmù kékeré kan, Diary of a Camper. Ní 2003, àwọn ọmọkùnrin kan ní Texas mú Halo, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ogun fi ìbọn sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣàròyé nípa ohun tí wọ́n wá ṣe ní àfonífojì tí wọ́n ń ṣọ́. Red vs. Blue lorúkọ rẹ̀, ó sì pẹ́ lórí oyè ju ọ̀pọ̀ ìjọba lọ. Akoto ló bo ojú gbogbo ọmọ ogun ibẹ̀, ẹnu wọn ò hàn. Nítorí náà ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ á máa mi orí, ẹni tó ń gbọ́ á dúró gbagidi. Gbogbo ọgbọ́n ìṣeré wọn nìyẹn. Mo mọ àwọn òṣèré fíìmù tiwa kan tí wọn ò tíì mi orí tó bẹ́ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ń gbowó.

Èyí tó wù mí jù ni ti ẹgbẹ́ kan ní Austria, Total Refusal. Wọ́n wọ Red Dead Redemption 2, géèmù ẹṣin àti ìbọn, wọn ò lé olè, wọn ò ja báǹkì lólè. Àwọn aláìlórúkọ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ni wọ́n lọ jókòó tì, tí wọ́n ń wò láti àárọ̀ dalẹ́: alágbàfọ̀ kan, ọmọ tó ń tọ́jú ẹṣin, agbálẹ̀ kan, òṣìṣẹ́ kan tó mú òòlù dání. Hardly Working ni fíìmù náà, 2022 ló jáde. Agbálẹ̀ ń gbálẹ̀, ilẹ̀ ò mọ́. Olóòlù ń kan ìṣó, ilé ò dìde. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi yẹn ronú jinlẹ̀ lórí ìyà tó ń jẹ òṣìṣẹ́ láyé. Èmi rò pé ọ̀nà kan tí wọ́n ń ṣe ládùúgbò wa láti ìjọba méjì sẹ́yìn ni wọ́n wá ya.

Ẹ̀fẹ̀ dúró díẹ̀ níbi ti Alex Chan. Ní òpin October 2005, ọ̀dọ́ méjì, Zyed Benna àti Bouna Traoré, kú sínú ilé iná mọ̀nàmọ́ná lẹ́bàá Paris níbi tí wọ́n ti ń sá fún ọlọ́pàá. Ìdílé wọn wá láti Tùnísíà àti Mauritania. Ìgboro dàrú. Chan, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí kò ya fíìmù rí, mú géèmù kan tó ń jẹ́ The Movies, ó fi ṣe The French Democracy láti sọ ohun tí tẹlifíṣọ̀n ò sọ. Kò sí Paris nínú géèmù náà, ni Chan bá fi ìgboro Amẹ́ríkà tó bá níbẹ̀ ṣe Paris. Oṣù kan lẹ́yìn ikú àwọn ọmọ yẹn ni fíìmù ti ń kiri ayé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé owó kámẹ́rà ni kò jẹ́ kí ẹ ṣe nǹkan kan.

Ó dáa, ẹ̀fẹ̀ ti dé padà. Ṣé iṣẹ́ ọnà ni géèmù tàbí kì í ṣe iṣẹ́ ọnà? Roger Ebert, àgbà nínú àwọn tó ń yẹ fíìmù wò ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní April 2010 pé kò lè jẹ́ iṣẹ́ ọnà láéláé. Àwọn onípáàdì ya bò ó. Nígbà tó di July, bàbá ní kò yẹ kí òun ti dá sí ohun tí òun ò fọwọ́ kàn rí, àmọ́ kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Nígbà tó di November 2012, Museum of Modern Art ní New York kó géèmù 14 wọlé sáàárín ìṣúra wọn. Pac-Man wà níbẹ̀, èyí tí Toru Iwatani ṣe ní Japan ní 1980: ẹnu kan ṣoṣo tí kò lọ́wọ́, tí kò lẹ́sẹ̀, tó ń jẹ gbogbo ohun tó bá lójú ọ̀nà, tó ń sá fún àwọn tó ń lé e; ìgbà tó bá sì ti rí nǹkan kan gbé mì báyìí, òun náà á yíjú padà, á máa lé wọn. Mo ti dìbò fún un rí, káńsẹ́lọ̀ ló ṣe. SimCity 2000 náà wà níbẹ̀. Bí iná bá lọ pẹ́ níbẹ̀, àwọn ará ìlú á kó jáde, ilé á ṣófo. Ó hàn pé Will Wright tó ṣe é kò tíì bá ọmọ Nàìjíríà pàdé.

Àwa ló yẹ ká fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀rín. Ta ló lọ wo ayò nítorí ọmọ ayò? Ẹni tó bá ka iye tí ọ̀ta jẹ, ẹ̀kọ́ ìṣirò ló wá ṣe. Ẹnu ọ̀ta la wá gbọ́, bó ṣe ń fi òwe na ọ̀pẹ kó tó fi ọmọ ayò nà án, bí àwọn òǹwòran ṣe ń gbè é, bí ọ̀pẹ ṣe ń fi ẹ̀rín bo ìtìjú. Eré tí a bá jẹ tán tí kò ní gbólóhùn kan tí a lè gbé délé, a ò ta ayò rárá.

Ìdí nìyí tí mo fi ń wá ẹni tó máa bá mi mú Amina kúrò lójú ogun. Ní August 2021 ni wọ́n fi àwọn Hausa àti àwọn Etiópíà kún géèmù ogun kan, Age of Empires III. Amina ni olórí àwọn Hausa níbẹ̀, Amina ti Zazzau, ará Zaria tí ẹ ń wọ mọ́tò lọ láti Kawo. Ère rẹ̀ lórí ẹṣin wà níwájú gbọ̀ngàn ìṣeré ní Iganmu l'Ékòó. Ọdún kan náà tó wọ géèmù yìí ni fíìmù Izu Ojukwu nípa rẹ̀ jáde lórí Netflix. Ẹ tẹ ọmọ ogun rẹ̀ nínú géèmù, Hausa ló máa fi dá yín lóhùn. Àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ wọ lífídì, aṣọ ogun tí wọ́n fi òwú kún inú. Maigadi náà wà, ìbọn ló gbé kọ́ èjìká, ó ń yìn ín gbàù gbàù. Ẹ̀yin bàbá onílé tí ẹ ti ń jẹ mẹ́gáàdì yín lówó láti oṣù tí kò ṣe é sọ, ẹ lọ wò ó níbẹ̀ kí ẹ sì tètè sanwó.

Àwa Yorùbá ńkọ́? A wà níbẹ̀, ẹ má tíì yọ̀. Wọn ò fún wa ní ìjọba. Abúlé kan ni wọ́n tẹ̀ dó fún wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹni tó bá kọ́ ilé ìṣòwò síbẹ̀ lè sanwó kó kó ẹlẹ́ṣin Ẹ̀ṣọ́ wa lọ jà fún un. Èyí dùn mí wọ egungun, àfi ìgbà tí mo rántí bí àwọn bàbá wa ṣe dé Kaduna gan-an: rélùwéè àti ọ́fíìsì ìjọba ló sanwó, wọ́n kó ẹrù, wọ́n wá. Géèmù kò parọ́ mọ́ wa.

Ohun tí mo ní lọ́kàn kò le. Ẹnì kan á di Zazzau mú, ẹnì kejì á jẹ́ ìlú tí wọ́n fẹ́ ṣẹ́gun, ẹnì kẹta á wọlé bí òǹwòran, ojú rẹ̀ ni kámẹ́rà. Kò sẹ́ni tó máa kọlu ẹnikẹ́ni. Ẹlẹ́ṣin á tò, wọ́n á gba iwájú ògiri ìlú kọjá, a ó pa ohùn géèmù, àwa fúnra wa á fi ẹnu wa sọ ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti háyà ẹṣin ní àsìkò Hawan Sallah mọ̀ pé owó rẹ̀ lè kọ́ ilé. Ẹṣin inú géèmù kì í jẹ èérí, kì í ta olùdarí nípàá. Òṣèré nìkan la ń wá. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní ìlú tí Amina bá ṣẹ́gun ló ti ń fẹ́ ọkọ tuntun, kí ilẹ̀ tó mọ́ ọkọ ti dèrò ọ̀run. Ipò ọkọ yẹn ni mo fi sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin wa tó ń pariwo pé obìnrin alágbára làwọn fẹ́. Iṣẹ́ alẹ́ kan ni.

Ẹ má sì sọ pé irú èyí kò lè ti Kaduna jáde. Níhìn-ín làwọn ọmọ Critics Company ti fi fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ya fíìmù ọjọ́ iwájú, tí wọ́n ta aṣọ aláwọ̀ ewé kọ́ sí ògiri kí wọ́n lè fi ọ̀run àti ọkọ̀ òfúrufú rọ́pò rẹ̀. Orí YouTube ni wọ́n ti kọ́ ọ, Blender ni wọ́n fi ṣe àrà inú rẹ̀, ohun èlò ọ̀fẹ́ kan náà tí àwọn tó ń ṣe géèmù fi ń mọ ilé àti ènìyàn. Fíìmù náà, Z: The Beginning, kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, oṣù méje ni wọ́n fi ya á, iná ń lọ, iná ń bọ̀. Ní 2019 ni ayé gbọ́, tí J.J. Abrams, ẹni tó darí àwọn kan nínú fíìmù Star Wars, kó kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí wọn. Kí ẹrù yẹn tó dé, ó dá mi lójú pé ẹnì kan ládùúgbò ti pè wọ́n ní aláìníṣẹ́. Lẹ́yìn tó dé, ẹni yẹn gan-an ló ń sọ pé òun lòun gbé wọn lọ fún ìsọmọlórúkọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Zaria ní 1958, tí àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán kan, Yusuf Grillo, Bruce Onobrakpeya, Demas Nwoko, Uche Okeke àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní àwọn ò ní fi gbogbo ọjọ́ ayé àwọn ya àwòrán bí òyìnbó ṣe ń ya á. Òní, ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta iṣẹ́ wọn, kí ẹ mú àga dání.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ Amina lọ bá onígéèmù kan ní Tudun Wada. Ó gbọ́ ọ délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ètò náà dáa. Ó wá rántí pé ní ṣọ́ọ̀bù òun, ẹni tó bá pàdánù ló ń sanwó. Ó bi mí pé nínú eré tí mo gbé wá yìí, ta ló ń pàdánù? Mo ní kò sẹ́ni tó ń pàdánù, iṣẹ́ ọnà ni. Ó gba páàdì lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, ó ní kí n jẹ́ kí àwọn oníbọ́ọ̀lù jókòó.